A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí

Láti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní JSS 2

  Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn wa yìí, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, gbogbo wa la sì mọ̀ pé àwọn ọ̀gá SS ló sábà máa ń kọ èyí tó gùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ló sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ẹ ó rántí ìjiyàn tí a ṣe ní táàmù tó kọjá. Àkòrí rẹ̀ ni pé: "Ó yẹ kí ìjọba fòfin de ìwakùsà pátápátá." Èmi ni olùsọ̀rọ̀ kejì fún àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ. Mo pariwo dáadáa lọ́jọ́ náà. Mo ní ìwakùsà ń pa èèyàn, ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, kí ìjọba ti gbogbo rẹ̀ pa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Máàkì méjì la fi borí, inú mi sì dùn débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ tán.

Ayọ̀ yẹn ò dalẹ́ ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní kíláàsì wa, ọmọ Berom ni. Kì í sùn sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, abúlé tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé wa ló ti ń wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun ló kọ́kọ́ ń wá sí ìpàdé wa torí mọ́ínmọ́ín, tó wá di pé ó ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yìn ló jókòó sí nígbà ìjiyàn náà, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí a jọ dúró níbi ẹ̀rọ omi ní ọjọ́ kejì, ó ní, "Ẹ ti borí. Àmọ́ nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó bi mí."

Mo ní kí ni mo fẹ́ bi ọ́? Ó wá sọ ọ́ fún mi.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kú sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò ìwakùsà àtijọ́ nígbà òjò ọdún tó kọjá. Ó lọ fọ aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ létí omi. Gbogbo wa la gbọ́ nígbà yẹn pé ọmọ kan kú sómi lẹ́yìn ọgbà. Torí ẹ̀ ni matron ṣe kìlọ̀ fún wa pé ẹnikẹ́ni tó bá fo ọgbà lọ síbẹ̀ á rí ìjà òun. Mi ò mọ̀ pé àbúrò rẹ̀ ni. A jọ ń jókòó ní kíláàsì kan náà, mi ò mọ̀.

Ó tún ní ọ̀rọ̀ kejì, èyí gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn. Bí bàbá rẹ̀ bá ti wu ọ̀dùnkún tán lóko, ibi tánńganran ni wọ́n ń lọ wà ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Owó ibẹ̀ ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Ó ní, "Tí ìjọba bá ti gbogbo ẹ̀ pa bí o ṣe sọ yẹn, èmi náà ò ní sí ní kíláàsì yìí mọ́ ní táàmù tó ń bọ̀."

Ẹ ò rí nǹkan? Iṣẹ́ kan náà ló gba àbúrò lọ́wọ́ wọn, òun náà ló ń rán ẹ̀gbọ́n nílé ìwé.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Mo fẹ́ yí ọ̀rọ̀ mi padà ní gbangba, torí gbangba ni mo ti sọ ọ́. Mi ò gbà mọ́ pé kí wọ́n fòfin de ìwakùsà pátápátá. Mi ò sì gbà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tí mo gbà báyìí ni òwe kan tí bàbá àgbà mi fẹ́ràn láti máa pa: a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Àwọn tó ń gbé lórí ilẹ̀ ni olórí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ wọn, ó yẹ kí wọ́n wà níbi ìpàdé, kí gbogbo wa sì ti mọ ẹni tó máa dí kòtò náà àti ibi tí owó rẹ̀ wà.

Bí kòtò ṣe dé Jos

Àwọn kan nínú yín tó wá láti Èkó tàbí Abuja rò pé Ọlọ́run ló dá gbogbo adágún omi tí a máa ń rí láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Rárá o. Èèyàn ló gbẹ́ púpọ̀ nínú wọn, ní Bukuru, ní Barkin Ladi, ní Rayfield, kò sí ibi tí kò sí.

Tánńganran ni wọ́n wá síbí. Kuza ni àwọn Hausa ń pè é. Ẹ pe kuza, kí ẹ pe kùsà, ẹ ó rí i pé wọ́n jọra létí. Kí òyìnbó tó dé, àwọn èèyàn apá ibí ti ń yọ́ tánńganran, àwọn oníṣòwò Hausa sì ń rà á. Òyìnbó tọ ọ̀nà ọjà yẹn títí wọ́n fi rí ibi tó ti ń wá, láàárín nǹkan bíi 1902 sí 1904. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ dé. Ní nǹkan bíi 1914, ojú irin ti dé Bukuru láti Zaria torí kí wọ́n lè máa kó tánńganran lọ. Wọ́n sé odò ní Kurra kí iná mànàmáná lè wà fún iṣẹ́ ìwakùsà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Japan gba ilẹ̀ Malaya lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Ibẹ̀ ni tánńganran púpọ̀ ti ń wá fún wọn tẹ́lẹ̀. Ni ìjọba amúnisìn bá fi tipátipá kó àwọn ọkùnrin láti oríṣiríṣi ibi ní Àríwá wá sí Jos láti wá wa kùsà. Wọ́n tó 100,000 láàárín 1942 sí 1944. Wọn ò bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wá. Oúnjẹ ò tó, ibùsùn ò dára, àìsàn pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò padà délé.

Ní 1985, owó tánńganran já wálẹ̀ gan-an lọ́jà àgbáyé. Iṣẹ́ tó ti ń relẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá palẹ̀ mọ́, wọ́n kó ẹ̀rọ wọn, wọ́n fi kòtò sílẹ̀. Àwọn tó jẹ owó ti lọ. Àwọn tó ń gbé níbẹ̀ kò ríbi lọ.

Kí n má purọ́ fún yín, àwa Yorùbá náà jẹ nínú rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá àgbà mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n lọ wọ rélùwéè ní Ọ̀fà, wọ́n sì wá ta aṣọ ní Bukuru. Bàbá àgbà máa ń sọ fún wa pé tó bá ti di ọjọ́ tí àwọn awakùsà gbowó, ọjà kì í tú, àtùpà ni wọ́n máa fi ń wọn aṣọ. Owó yẹn ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ àwọn Berom nìkan ni, kò kàn wá. Ẹni tó bá wọn jẹ nínú ọbẹ̀ náà yẹ kó bá wọn fọ ìkòkò.

Tí a ò bá bi wọ́n, kí ló ń ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ n mú àpẹẹrẹ mẹ́ta wá.

Èyí àkọ́kọ́ ni ti Zamfara. Ní 2010, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Anka àti Bukkuyum. Wúrà ni àwọn òbí wọn ń wà. Òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ níbẹ̀ ní òjé púpọ̀ nínú, òjé sì jẹ́ májèlé. Wọ́n ń kó òkúta náà wá sílé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìlọta lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá. Eruku rẹ̀ ń bà lé oúnjẹ, ó ń bà sínú kànga, àwọn ọmọ sì ń ṣeré nínú rẹ̀. Ó lé ní 400 ọmọ tó kú. Wọ́n wá ń kó ilẹ̀ tí májèlé ti wọ̀ kúrò ní abúlé kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n títí di 2013 kí ó tó kan Bagega. Àwọn òbí yẹn kì í ṣe òmùgọ̀, wọn kì í sì í ṣe ìkà. Oúnjẹ ọmọ ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó wá bá wọn jókòó kó sọ fún wọn pé, ẹ má lọ̀ ọ́ nílé o, ẹ lọ̀ ọ́ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó wọlé.

Èkejì wà nílé wa lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo rí, ẹ wo omi odò náà. Igbó Ọ̀ṣun yẹn, UNESCO ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé láti 2005. Síbẹ̀ omi rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì tí a bu mílíìkì sí. Àwọn tó ń fọ wúrà nínú odò ní apá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń dá lẹ́bi. Ẹni tó ń wa wúrà lókè odò kò bi ẹni tó ń mu omi nísàlẹ̀. Nítorí náà "àwọn ará àdúgbò" tí mò ń sọ yìí kì í ṣe àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò nìkan. Ibi tí omi bá ṣàn dé, ibẹ̀ ni àdúgbò dé.

Ẹ̀kẹta wà ní Jos níbí, òun ló sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ àwọn ère amọ̀ Nok tí a kọ́ nínú History? Ìwakùsà ló hú púpọ̀ nínú wọn jáde. Ní 1943, wọ́n rí orí amọ̀ kan ní apá Jemaa níbi tí wọ́n ti ń wa tánńganran. Akọ̀wé kan gbé e lọ sílé, ó sì fi ṣe aṣọ́ko nínú oko iṣu láti máa lé ẹyẹ. Ó wà lóko bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Bernard Fagg, ọ̀gbẹ́ni tó wá dá Mùsíọ́ọ̀mù Jos sílẹ̀ ní 1952. Ohun tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún ni wọ́n fi ń lé ẹyẹ! Ẹ rò ó wò, mélòó ni wọ́n ti fọ́ dànù tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀? Tí ẹni tó mọyì nǹkan kò bá sí níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀, ẹni tó ń wá tánńganran á ju ìṣúra nù torí pé kì í ṣe tánńganran.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ

Olùkọ́ wa ní Civic Education kọ́ wa pé tí o bá bú nǹkan, kí o sọ ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe. Nítorí náà, mo ní ohun mẹ́rin.

Èkíní, kí wọ́n bi àwọn tó ni ilé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Òfin ìwakùsà Nàìjíríà ti ọdún 2007, ní abala 116, sọ pé ilé iṣẹ́ tó gba ilẹ̀ ìwakùsà gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ibẹ̀ kọ ìwé àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti máa sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀nà, ìlera àti ìtọ́jú àyíká. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi ara wa: èdè wo ni wọ́n fi ń kọ ọ́? Ta ló ń kà á sókè? Bó bá jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ẹni mẹ́ta péré sì lọ fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì, ìyẹn kì í ṣe ìpàdé. Kí wọ́n ṣe ìpàdé náà ní èdè ibẹ̀. Kí àwọn obìnrin wà níbẹ̀, torí àwọn ló ń pọnmi, àwọn ló mọ kànga tó ti ń yí àwọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ náà wà níbẹ̀. Kí wọ́n lẹ ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ara ògiri ilé ìwé, kí ọmọ tó bá mọ̀wé kà lè ka ohun tí wọ́n ṣèlérí fún bàbá rẹ̀.

Èkejì, kí owó tí wọ́n máa fi dí kòtò wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ. Gbogbo wa la mọ owó kọ́ṣọ̀n tí àwọn òbí wa san kí wọ́n tó fún wa ní bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Tí o bá fọ́ fèrèsé, inú rẹ̀ ni wọ́n ti máa yọ ọ́. Tí o kò bá fọ́ nǹkan kan, wọ́n á dá a padà tí o bá ń lọ. Ṣé ẹ rí i pé torí owó yẹn ni a kì í ṣe gba bọ́ọ̀lù ní yàrá? Bí ọmọ JSS 1 bá lè san owó kọ́ṣọ̀n torí bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó fẹ́ gbẹ́ odindi òkè yẹ kó san tirẹ̀. Òfin 2007 yẹn náà dá àpò owó sílẹ̀ fún ààbò àyíká àti àtúnṣe ilẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí owó náà wọlé kí katapílà tó wọlé, kí àwọn ará ibẹ̀ sì mọ iye tó wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n má lé àwọn tó ń fi ọwọ́ wa kùsà bí ẹní lé ewúrẹ́. Bàbá ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe olè. Ṣọ́bìrì àti igbá ló ní. Tí wọ́n bá kàn lé e, òru ló máa lọ, òru sì léwu ju ọ̀sán lọ, torí ilẹ̀ lè wó lé èèyàn lórí kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Òfin gbà kí irú wọn kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ. Kí ìjọba ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é. Kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń gbẹ́ ilẹ̀ kó má bàa ya lulẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní akoto àti bàtà. Kí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ kan sínú rẹ̀ tí kò ní ṣeé yí padà: ọmọdé kò gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò. Ibi tí ọmọ yẹ kó wà ni kíláàsì.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ àwọn kòtò àtijọ́, àwọn tí ẹni tó gbẹ́ wọn ti lọ. Níbí ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ jù lọ. Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: ẹ dí gbogbo rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mirí. Ó ní inú kòtò tí àbúrò òun kú sí yẹn ni ìyá òun ti ń fi ẹ̀rọ fa omi sí oko tòmátò àti kábéèjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ wò ó, ọ̀dùnkún àti kábéèjì tí a ń jẹ ní dáínín họ́ọ̀lù wa, irú omi bẹ́ẹ̀ ló ń bomi rin púpọ̀ nínú wọn. Tí ẹnì kan bá ti Abuja wá dí gbogbo kòtò Jos lọ́la, á gba ọ̀pọ̀ ilé là lọ́wọ́ omi, á sì fi ebi pa wọ́n.

Nítorí náà, kí wọ́n bi wọ́n ní kòtò kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lẹ́bàá ilé àti ọ̀nà ilé ìwé, kí wọ́n dí i. Èyí tó ń bomi rin oko, kí wọ́n gé etí rẹ̀ kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n ṣe àtẹ̀gùn síbi kan, kí wọ́n fi ọgbà yí i ká. Òmíràn lè di adágún ẹja. Òmíràn lè di ibi ìgbafẹ́, bíi ti Rayfield tí a lọ ní ìrìn-àjò kíláàsì. Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti gbin igi eucalyptus sórí àwọn ilẹ̀ kan tí wọ́n ti wà tán, àwọn àgbẹ̀ náà sì ń kó eérú àti ìdọ̀tí ìlú sórí ilẹ̀ tó ti ṣá kó lè padà so èso. Ẹ rí i pé ilẹ̀ ṣeé tún ṣe. Àwọn tó sì mọ bí a ṣe ń tún un ṣe wà níbẹ̀, a ò kàn bi wọ́n ni.

Ohun tí àwọn kan máa sọ

Mo fi ìwé yìí han ọ̀gá mi kan ní SS 2, ó ní, "Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Kí ló kan ará abúlé?" Òótọ́ ni, òfin sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ilé ìwé ló ni họ́sítẹ́ẹ̀lì wa. Tí òjò bá ń rọ̀, ta ló mọ bẹ́ẹ̀dì tí òrùlé ń jò lé lórí? Ṣé kì í ṣe ẹni tó ń sùn síbẹ̀ ni? Ìjọba ni ó ni tánńganran, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọba ló ń pọnmi níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa tún sọ pé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú owó ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti wà á. Ìpínlẹ̀ o, kì í ṣe abúlé. Láti ìpínlẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ọ̀rẹ́ mi, ọ̀nà jìn.

Òmíràn ní tí wọ́n bá pe àwọn ará ìlú sí ìpàdé, owó ni wọ́n máa bèèrè, àwọn àgbà á pín in, ó tán. Mi ò lè sọ pé irọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n kà á sókè níwájú gbogbo èèyàn. Ohun tí gbogbo etí bá gbọ́ kì í rọrùn láti jẹ mọ́lẹ̀. Kí wọ́n sì kọ iṣẹ́ sínú rẹ̀, kí wọ́n má kọ owó nìkan: kànga mélòó, kíláàsì mélòó, ọmọ mélòó ni wọ́n máa kọ́ níṣẹ́, ọjọ́ wo ni wọ́n máa dí kòtò.

Ẹnì kan tún ní ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni mo ń hú jáde? Tánńganran ti lọ, kí ló kù? Ó kù o! Ẹ ṣáà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lithium báyìí, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì fóònù àti ti ọkọ̀ oníná. Wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ ní Nasarawa tó múlé tì wá. Òyìnbó fẹ́ ẹ, Ṣáínà fẹ́ ẹ, gbogbo ayé ló fẹ́ ẹ. Bí wọ́n ṣe fẹ́ tánńganran nígbà ogun nìyẹn. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Jos ti jìn sí kòtò. Ṣé àwọn yòókù ti kọ́gbọ́n?

Kí ni àwa lè ṣe?

Ọmọ ilé ìwé ni wá, a ò lè ṣòfin. Àmọ́ mo ní nǹkan mẹ́ta tí mo fẹ́ bẹ ẹgbẹ́ wa.

Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa kí wọ́n bá wa sọ fún ọ̀gá ilé ìwé pé kí a kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ nípa kòtò tó wà lẹ́yìn ọgbà. Kí wọ́n fi ọgbà yí i ká, kí wọ́n sì gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀. Kí pátákó náà má jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí ó ní Hausa àti Berom, kí wọ́n sì ya àwòrán sí i, torí ọmọ ọdún mẹ́jọ ò lè ka "Danger, Keep Off". Ṣùgbọ́n kí a tó kọ lẹ́tà náà, kí a kọ́kọ́ lọ bi àwọn ará abúlé yẹn ohun tí àwọn fẹ́. Tí a bá kọ ọ́ láìbi wọ́n, ohun tí mo ṣe níbi ìjiyàn náà la tún ṣe.

Èkejì, ní Ọ̀sẹ̀ Àṣà wa tó ń bọ̀, lẹ́yìn ijó àti ewì, kí a pe àgbàlagbà kan láti abúlé náà wá sọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ fún wa. Ilẹ̀ onílẹ̀ la ti ń jó bàtá. Ó yẹ ká mọ orúkọ ilẹ̀ náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ọgbà lọ wẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ń lọ. Mo mọ̀ pé tí omi bá ti tán ní táǹkì, ọkàn yín máa ń lọ síbẹ̀. Létí rẹ̀ omi ò ju orúnkún lọ, ẹsẹ̀ kan péré síwájú, kò nísàlẹ̀ mọ́. Ọmọ tó kú yẹn mọ ibẹ̀ jù yín lọ.

Kí n tó parí, mo fún ọ̀rẹ́ mi ní ìwé yìí kà kí n tó fún olóòtú. Mo ka ibi tí kò yé e fún un. Ó ní kí n má kọ orúkọ òun, mi ò sì kọ ọ́. Mo bi í bóyá nǹkan kan wà tó fẹ́ kí n fi kún un. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Sọ fún wọn pé aṣọ ilé ìwé ẹ̀ ló lọ fọ̀. Ó fẹ́ mọ́ tónítóní ní Monday." Mo ti sọ ọ́ lókè, mo tún sọ ọ́.

Ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ mi kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó kọ èsì sínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, mi ò ní bínú. Èmi náà ti yí ọ̀rọ̀ mi padà lẹ́ẹ̀kan, mo lè tún yí i padà tí ẹ bá fi òye hàn mí.